Pósíkáàdì àtijọ́ tó ní àwòrán ìlú tí ìjì tornado wó, ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Ọmọ_Ìlódè

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú òjò. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ nípa fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níbí dáadáa.

Bàbá wa tó ti dolóògbé ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì máa pè é ní OAU. Àwọn àgbà ibí á rántí pé Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló ran ẹ̀ka yẹn lọ́wọ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ibẹ̀ náà ni bàbá lọ kàwé sí. Nínú àpótí ìwé wọn la ti rí álíbọ́ọ̀mù kékeré kan tó jẹ́ pé pósíkáàdì ló kún inú ẹ̀ látòkè délẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ àwòrán ìlú tí ìjì ti wó.

Kì í ṣe irú ìjì tiwa tó ń ṣí páànù o. Odindi àdúgbò ló di pákó. Ọ̀kan wà, ilé alájà kan ni, ògiri iwájú ẹ̀ ti ya lọ pátápátá, bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹ̀, dígí ṣì rọ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, obìnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ sì dúró nísàlẹ̀ láàárín àwókù, ó di àga onígi kan mú, ó ń wo kámẹ́rà. Wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ Omaha, Mar. 23, 1913 sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Òmíràn, ẹnì kan fi gègé sàmì X sórí òrùlé ilé kan. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n kọ New Richmond 1899 sí.

Ṣé fọ́tò gidi ni àwọn nǹkan yìí àbí ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n? Kí ló dé tí èèyàn á fi ìparun ìlú ṣe káàdì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn? Àbúrò mi ọkùnrin sì ti ní òun máa kó gbogbo ẹ̀ lọ láàmínéètì ní Mayfair lọ́jọ́ Sátidé kó má baà bàjẹ́, ara mi ò gbà á rárá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.

ỌmọỌwá_Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba àpótí yẹn lọ́wọ́ àbúrò yín kí Sátidé tó dé! Láàmínéètì kì í ṣe ìtọ́jú fún fọ́tò àtijọ́, iná ni wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ọn, tó bá ti lẹ̀ kò ṣeé bó mọ́ láéláé. Wọ́n ṣe é sí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi níbì kan níbí, ọ̀rinrin gba etí wọlé, kò wá ríbi jáde, ojú ìyá mi ti di àbàwọ́n. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Fọ́tò dé, àwọn ló máa ṣàlàyé tó kù.

Bàbá_Fọ́tò_Lágere

Ọmọ mi, o káre tí o kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ti ń fọ fọ́tò láti ìgbà tí a ṣì ń wọ dáàkúrúùmù, torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi mọ̀.

Wá gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, kí o fi wo ojú ọ̀run inú àwòrán tàbí ara ògiri ilé. Tí o bá rí tóótòòtó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti inú ìwé ìròyìn, ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé dúdú ń wọ inú funfun díẹ̀díẹ̀ láìsí tóótòòtó kankan, fọ́tò gidi ni, látara nẹ́gátíìfù ni wọ́n ti fọ̀ ọ́. Lẹ́tà funfun tí o dárúkọ yẹn ti jẹ́ kí n fura pé fọ́tò ni, torí orí nẹ́gátíìfù ni wọ́n máa ń fi yíǹkì kọ ọ́ sí, ibi tí yíǹkì bá ti dí, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ á sì funfun lórí pépà. Tó bá wá jẹ́ apá tí kẹ́míkà wà ni wọ́n kọ ọ́ sí, àfi kí onífọ́tò kọ gbogbo lẹ́tà náà ní ìdàkejì kó tó lè yọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń rí N tàbí S tó kọ ẹ̀yìn síwájú lára irú káàdì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ onífọ́tò ló ṣì í.

Ọdún 1903 ni Kodak gbé kámẹ́rà kan jáde tí wọ́n ń pè ní 3A Folding Pocket. Fíìmù inú ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3¼ sí 5½, ìwọ̀n pósíkáàdì gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé wọn ò nílò àtifẹ̀ ẹ́ rárá, wọ́n á gbé nẹ́gátíìfù lé pépà ní tààrà, wọ́n á tanná sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, ó parí. Ohun tó jẹ́ kí àwòrán náà mọ́ kedere nìyẹn, o lè rí ìṣó lára pákó. Pépà náà ti ní ẹ̀yìn pósíkáàdì lára láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá. Torí náà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní ìlú kékeré, ìjì jà lọ́jọ́ Àìkú, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti lè máa ta káàdì ẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú kéékèèké ayé ìgbà yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò lágbára àtitẹ fọ́tò jáde, káàdì yìí ni àwọn èèyàn fi ń rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òwò ńlá sì ni, láàárín ọdún kan tó parí ní June 1908, pósíkáàdì tó gba pósí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà kọjá lé ní mílíọ̀nù 677, bẹ́ẹ̀ èèyàn ibẹ̀ nígbà náà ò tíì pé mílíọ̀nù 90.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn káàdì ni mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́ jù. Ojú ẹ̀ máa sọ ọjọ́ tí ìjì jà fún ọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa sọ ìgbà tí wọ́n fọ káàdì náà fúnra ẹ̀, méjèèjì ò sì fi dandan bára mu. Wo igun tí wọ́n máa ń lẹ sítáǹpù mọ́. Tó bá jẹ́ AZO, ìyẹn orúkọ irú pépà fọ́tò kan, ni wọ́n kọ yí i ká, tí onígun-mẹ́ta kéékèèké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kọjú sókè, pépà ọdún 1904 sí 1918 ni. Tí méjì bá kọjú sókè, tí méjì kọjú sísàlẹ̀, 1918 sí 1930 nìyẹn. Lẹ́yìn náà wo bóyá ìlà kan là á láàárín. Kó tó di March 1, 1907, àdírẹ́sì nìkan ni pósí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n kọ sẹ́yìn pósíkáàdì, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ló máa há a mọ́. Tí sítáǹpù bá wà níbẹ̀, sẹ́ńtì kan ló sábà máa ń jẹ́. Wo òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú pẹ̀lú, torí ìyẹn ló ń mú ọjọ́ dání.

Lọ wò ó kí o padà wá sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ láàmínéètì, rárá o, ọmọ Iléṣà ti sọ ọ́.

Àdùkẹ́_Mọ̀ọ̀rẹ̀

Ẹ kú àlàyé Bàbá, ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ilé àwọn èèyàn wó lulẹ̀, òkú sùn, ẹnì kan wá gbé kámẹ́rà, ó ń fi ṣòwò. Níbí tí ilé bá ń jó ládùúgbò, omi àti yẹ̀pẹ̀ là ń gbé sáré, ẹni tó bá dúró tó ń fi fóònù yà á, gbogbo èèyàn ló máa pariwo mọ́ ọn. Ọmọ Ìlódè, ṣé kò ní dáa kí ẹ dá a padà sínú àpótí kí ẹ fi sílẹ̀? Ẹkún onílé ni mò ń rí lára ẹ̀. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ò ní bá wa jà o.

Tíṣà_Òkèsà

Àmín o, ìyá wa. Ohun tí ẹ sọ wọ̀ mí lára, mi ò ní bá yín jiyàn pé kò sí àwọn tó torí owó yà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo káàdì tí wọ́n sàmì X sí yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni ìjì yẹn já gba àárín Omaha, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, kọjá ní March 23, 1913, nǹkan bí aago mẹ́fà, àwọn èèyàn ti darí wálé, ẹlòmíì ń jẹun. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kú nínú ìlú yẹn nìkan. Ẹ wá rò ó wò, ìyá kan wà ní ìpínlẹ̀ míì, ó gbọ́ pé ìjì ti ba Omaha jẹ́, ọmọ ẹ̀ ń gbé ibẹ̀, wáyà tẹligíráàmù ti já lulẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe ju kó jókòó. Káàdì sẹ́ńtì kan tí wọ́n sàmì sí ilé lórí ẹ̀ tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló máa jẹ́ kó sùn. Ìdí nìyẹn tí X yẹn fi wọ́pọ̀ lára irú káàdì báyìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ tí mo ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ni wọ́n yà, àwọn èèyàn inú ẹ̀ sì dúró fúnra wọn kí wọ́n lè yà wọ́n, bíi obìnrin tó di àga mú yẹn.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un torí mi ò lè pa á mọ́ra. Ohun tó ń fa ìjì yẹn lọ́dọ̀ wọn ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbé ọ̀rinrin dání ń ti Gulf of Mexico bọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń bọ̀ láti apá òkè Rocky, tútù ń ti Kánádà sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ gbalaja, kò sí òkè tó máa dá wọn dúró láàárín. Tí afẹ́fẹ́ tó wà lókè bá wá ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tó sì gba ọ̀nà míì, òjò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lódindi, ibẹ̀ ni tornado ti ń jáde. Ìjì tiwa tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní March sí April yàtọ̀, ìlà òjò gígùn ni, láti ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ sì ń ti nǹkan síwájú ni. Ẹ wo àdúgbò lẹ́yìn ìjì níbí, páànù àti igi á ṣubú sí ọ̀nà kan náà. Kí ẹ wá wo káàdì yẹn, pákó kan á kọrí síbí, òmíì á kọrí sọ́hùn-ún, ilé kan á pòórá, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ṣì ní kọ́tìnnì lójú fèrèsé. Yíyí tó ń yí ló fà á.

Òjò tó bá ìjì Omaha wá ò sì tán síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú ọjọ́ kan náà ló fa omíyalé tó bo Dayton ní Ohio, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú ní ìpínlẹ̀ yẹn, wọ́n sì ṣe pósíkáàdì ìyẹn náà. Regina ní Kánádà, June 30, 1912, èèyàn 28 ló kú, káàdì ẹ̀ wà káàkiri dòní. Èyí tó burú jù ni ti March 18, 1925 tó gba Missouri, Illinois àti Indiana kọjá láìdúró, ọ̀nà tó rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 350, ó jìnnà ju Ifẹ̀ sí Èkó lọ dáadáa. Èèyàn 695 ló pa, 234 nínú wọn ní ìlú Murphysboro nìkan. Pósíkáàdì wà lára ohun tó jẹ́ ká ṣì lè rí bí òpópónà inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ kejì.

Àdùkẹ́_Mọ̀ọ̀rẹ̀

Ti ìyá tó jókòó yẹn yé mi o Tíṣà. Mo gbà.

Ọmọ_Ìlódè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà, àbúrò mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ti gbà. Mo rí gíláàsì yá lọ́wọ́ bàbá tó ń tún aago ṣe ní Lágere. Èyí tó jẹ́ ti Omaha, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ní tóótòòtó kankan, ọ̀kan tiẹ̀ wà tí N kọ ẹ̀yìn síwájú bí Bàbá ṣe sọ. Àwọn méjì kan ní tóótòòtó, àwọn yẹn ní àwọ̀ lára, ojú ọ̀run búlúù, koríko ìsàlẹ̀ tutù minimini. Èyí tí wọ́n sàmì X sí ní sítáǹpù aláwọ̀ ewé tó ní orí Washington. Mo ka ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ní ilé tí òun sàmì sí ni tiwọn, pé gbogbo àwọn wà láàyè, pé àwọn ń sùn lọ́dọ̀ ará ṣọ́ọ̀ṣì kan, ó wá ní kí wọ́n bá òun fi aṣọ ọmọdé ránṣẹ́. Mo ní láti gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè ka ìyókù.

Èyí tó wá dojú rú mọ́ mi lójú ni ti New Richmond. 1899 ló wà lójú ẹ̀, fọ́tò gidi ni, ṣùgbọ́n ìlà là á láàárín lẹ́yìn, AZO ló sì wà níbẹ̀, onígun-mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè. Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́? Ṣé ayédèrú ni?

Bàbá_Fọ́tò_Lágere

Kì í ṣe ayédèrú, ọmọ mi, ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyẹn nígbà tí mo ní kí o wo ẹ̀yìn. Onífọ́tò tó yà á ní 1899 ló tọ́jú nẹ́gátíìfù ẹ̀, dígí ni nẹ́gátíìfù ayé ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́, tó bá wà níbi gbígbẹ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Òun, tàbí ẹni tó jogún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ló wá fọ̀ ọ́ sórí pépà pósíkáàdì lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìlà àárín sọ pé kò ṣáájú 1907, onígun-mẹ́ta sọ pé pépà náà ò kọjá 1918. Àárín ibẹ̀ ló wà. Ìlú yẹn ò sì lè gbàgbé, June 12, 1899, ọjọ́ tí àwọn onísákọ́ọ̀sì wá síbẹ̀ ló bọ́ sí, èrò láti abúlé ti kún ìgboro, bí eré ṣe parí ni ìjì dé, èèyàn 117 ló kú. Wisconsin ni New Richmond wà, níbi tí bàbá yín ti kàwé. Bóyá láti orí ìyẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ.

Àwọn aláwọ̀ méjì yẹn, títẹ̀ ni. Kí ogun 1914 tó dé, Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ púpọ̀ nínú irú wọn, ẹni tó sì ń fi àwọ̀ sí i kò dé ibẹ̀ rí. Ìparí March ní Omaha, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni, níbo ni koríko tútù minimini ti máa wá? Torí náà má fi àwọ̀ ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Tí o bá sì rí èyí tí ìjì náà fúnra ẹ̀ hàn lójú ọ̀run, tó dúdú tó rí ṣóńṣó, fi gíláàsì wo etí ẹ̀ dáadáa. Wọ́n máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì yà á sí i. Ti Howard ní South Dakota, August 28, 1884, tó wà lára fọ́tò tornado tó pẹ́ jù láyé, wọ́n tún un ṣe gidigidi lórí nẹ́gátíìfù kí wọ́n tó máa tà á.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Fọ ọwọ́ kí o nù ún gbẹ, etí káàdì ni kí o máa dì mú, má fọwọ́ kan ojú ẹ̀. Tí o bá rí i tó ń dán bíi dígí láwọn ibi tó dúdú létí, fàdákà inú ẹ̀ ló ń yọ sókè, má fi nǹkan kan nù ún, ẹ̀rí pé fọ́tò gidi ni. Kò gbọdọ̀ sí sẹ́lótéèpù, kò gbọdọ̀ sí báírò. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn yẹn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe álíbọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú, kò dáa fún un, wá èyí tí wọ́n kọ polypropylene tàbí polyester sí lára. Má gbé àpótí ti ògiri lásìkò òjò, torí ògiri ilé wa ń mumi. Àpò silica gel kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà, kó díẹ̀ sí i, kí o sì máa pààrọ̀ wọn. Kí o wá ṣe síkáànù tojú tẹ̀yìn, 600 dpi, ẹ̀yìn ṣe pàtàkì tó ojú, èmi tiẹ̀ sọ pé ó jù ú lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ rà á, má jẹ́ kí wọ́n ṣa fọ́tò gidi inú ẹ̀ lọ kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ, torí ìyẹn ni wọ́n máa ń wá, pàápàá tí orúkọ ìlú àti èèyàn bá wà lára ẹ̀.

ỌmọỌwá_Iléṣà

Ẹgbẹ́ kan wà ní Omaha tí wọ́n ń pè ní Douglas County Historical Society, ìtàn agbègbè yẹn ni wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀gbọ́n ẹ fi síkáànù káàdì X yẹn ránṣẹ́ sí wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ òpópónà tí ilé yẹn wà.

Bàbá, ìbéèrè tèmi náà rèé. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú mi, mo ti ń gba fọ́tò ìjì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Ìṣọ̀kún àti Òkèsà, ti ìgbà tó ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, ti ìgbà tó wó igi sójú ọ̀nà, mo sì ń tẹ̀ wọ́n jáde látinú fóònù. Kò sí ọjọ́ lára ọ̀kankan, ẹni tó yà á gan-an á ní ọdún yìí ni, ìyàwó ẹ̀ á ní rárá, èṣí ni. Mo fẹ́ máa kọ ọjọ́ àti àdúgbò sẹ́yìn ẹ̀ ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ò mú un, ó ń yọ̀.

Bàbá_Fọ́tò_Lágere

Pépà òde òní ní ọ̀rá lẹ́yìn, pẹ́ńsù ò lè mú un, báírò á sì tẹ ojú fọ́tò yọ. Kọ ọ́ sórí pépà funfun lásán, gé e ní ìwọ̀n fọ́tò, kí o jọ kì wọ́n bọnú ọ̀rá kan náà. Ọjọ́, àdúgbò, ẹni tó yà á, apá ibi tó dúró sí. Tó bá jẹ́ pé o ṣì lè rí fáìlì ẹ̀ nínú fóònù ẹni tó yà á, wo inú ẹ̀, ọjọ́ máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni ọjọ́ inú ẹ̀ máa ń sọ nù.

Ọmọ_Ìlódè

Bàbá ẹ má bínú, ìbéèrè kan péré ló kù. Àwọn mẹ́ta kan ti lẹ̀ mọ́ ojú ewé álíbọ́ọ̀mù pinpin, gọ́ọ̀mù ni bàbá fi lẹ̀ wọ́n, mi ò sì tíì rí ẹ̀yìn wọn. Ṣé kí n fi omi gbígbóná ṣe é ni?

Bàbá_Fọ́tò_Lágere

Omi kẹ̀? Rárá o, ojú fọ́tò á rọ̀, á bó. Wá òwú tín-ínrín tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín, tì í bọ abẹ́ igun kan, máa fà á lọ fà á bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìgbé káàdì sókè. Tó bá gbà, ó gbà. Tó bá kọ̀, dúró síbẹ̀, fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ewé álíbọ́ọ̀mù náà yí káàdì ká kí o tọ́jú méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé o gé ohunkóhun ṣá, ya fọ́tò gbogbo ojú ewé bí bàbá yín ṣe tò ó, kí o kọ nọ́ńbà sí ìkọ̀ọ̀kan.

Ọmọ_Ìlódè

Mo gbọ́ o Bàbá, ẹ ṣé. Ọ̀kan ti gbà, AZO ni, méjì kọjú sókè, méjì kọjú sísàlẹ̀. Kò sí orúkọ ìlú lójú ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fi pẹ́ńsù kọ Murphysboro sẹ́yìn. Tíṣà, mo ń fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín báyìí.